Bíítírúùtù sísun pẹ̀lú wàrà, láìsí omi nínú abọ́

Omi ló ń ba sàláàdì bíítírúùtù jẹ́. Ẹni tó bá se bíítírúùtù nínú omi bí ẹni se kárọ́ọ̀tì ti jẹ́ kí omi wọ̀ ọ́ dé ọkàn. Wàrà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nínú igbá ń kán omi. Létúùsì tí a fọ̀ tán láìgbọ̀n ọ́n dáadáa náà ń kán omi. Ká tó da òróró lé e lórí, ìsàlẹ̀ abọ́ ti di adágún pupa, wàrà funfun ti dà bí ẹni tó fi osùn para, adùn ti fọ́nká. Nítorí náà, púpọ̀ nínú iṣẹ́ tó wà nínú oúnjẹ yìí, bí a ṣe máa lé omi jáde kúrò nínú nǹkan kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó pàdé ni.

Sàláàdì yìí yàtọ̀ sí ti òde àríyá tí wọ́n ń kó ẹ̀wà agolo, ẹyin àti kírímù sí. Bíítírúùtù dídùn, wàrà tó kan díẹ̀, ewé tó korò díẹ̀, àti ohun kan tó ń ró gbàmù lẹ́nu: mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ni gbogbo rẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn tó ni ín, wàrà ewúrẹ́ rírọ̀ tí àwọn Faransé ń pè ní chèvre ni wọ́n ń fọ́ sí i, pẹ̀lú ẹ̀pà walnut. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀yọ́, wàrà Fúlàní wà, kajú wà, ẹ̀fọ́ yánrin wà. Bíítírúùtù nìkan ló rìn jìnnà wá.

Fún èèyàn mẹ́rin, ohun tí a ó lò nìyí: bíítírúùtù mẹ́rin tó tó ìkúùkù ọmọdé (bíi 600 sí 700 gíráàmù lápapọ̀), wàrà 250 gíráàmù kí a tó tẹ omi rẹ̀ jáde, kajú tí wọ́n ti pa ní ìkúnwọ́ méjì, ewé tútù ní ìkúnwọ́ ńlá mẹ́rin, àlùbọ́sà pupa kékeré kan, ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́rin, òróró ólífì tàbí òróró ẹ̀pà tí kò ní òórùn ní ṣíbí ìjẹun mẹ́rin, oyin ṣíbí tíì kan, yógọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà ní ṣíbí ìjẹun méjì, iyọ̀, àti iyèré tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀.

Ní ti rírà, yálà Akẹ̀sán l'Ọ̀yọ́ lẹ ti ń nájà ni o, tàbí Tákíè l'Ógbòmọ̀ṣọ́, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta kárọ́ọ̀tì, kábééjì àti ata tàtàṣé ni kẹ́ ẹ ti béèrè. Òkè ni wọ́n ti ń kó o wá, pàápàá agbègbè Jos tí ojú ọjọ́ ti tutù, torí náà ó ti lo ọjọ́ mélòó kan lójú ọ̀nà kó tó débí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó bá le koko bí òkúta ló dára. Èyí tó bá ń tẹ̀ sínú bí ọsàn tó ti pẹ́, omi inú rẹ̀ ti gbẹ, okùn ló kù. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ti gé ìrù rẹ̀ tàbí tó ní ojú ọgbẹ́, torí ojú ọgbẹ́ yẹn ni àwọ̀ rẹ̀ máa gbà jò jáde. Ẹ má sì jẹ́ kí títóbi tàn yín: èyí tó tó orí ọmọ tuntun máa ń ní igi nínú. Bí ẹ bá rí mẹ́rin tí wọ́n tóbi dọ́gba, ẹ kó o, ìdí rẹ̀ ń bọ̀.

Kí a tó sun ún, a ó gé ewé rẹ̀ kúrò ṣùgbọ́n a ó fi ìdí ewé sílẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì, a ò sì ní fọwọ́ kan ìrù rẹ̀. A ò ní bó o. Ọwọ́ ni ká fi fọ ẹrẹ̀ ara rẹ̀ kúrò, kànìnkànìn onírin á ha awọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi òróró díẹ̀ pa á lára, ẹ fi iyọ̀ wọ́n ọn, kẹ́ ẹ sì fi fọ́ìlì wé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí fọ́ìlì náà dé pinpin. Omi tó wà nínú bíítírúùtù fúnra rẹ̀ ló máa sè é nínú wíwé yẹn, kò nílò ìrànlọ́wọ́ omi mìíràn.

Ẹni tó bá ní ófùn, kó kọ́kọ́ jẹ́ kó gbóná dé 200°C, kó tó gbé e sí i. Èyí tó tó ẹyin adìyẹ á jiná láàárín ìṣẹ́jú 35 sí 45. Èyí tó tó ìkúùkù ọmọdé á gba nǹkan bíi wákàtí kan. Èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ lè dé wákàtí kan ààbọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í dùn tó àwọn kékeré. Ìdí tí a fi ní kí wọ́n dọ́gba nìyẹn: bí kékeré àti ńlá bá jọ wọ ófùn, kékeré á ti rọ̀ jù nígbà tí ọkàn ńlá ṣì le.

Ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní ófùn, èyí kì í sì í ṣe ìdènà. Ìkòkò irin tó nípọn tí àwọn kan fi ń yan kéèkì lórí gáàsì tó o. Ẹ da iyanrìn gbígbẹ tó mọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó ga tó ìka méjì, ẹ gbé agolo pẹlẹbẹ kan tàbí irin lé e kí bíítírúùtù má bàa fara kan iyanrìn, ẹ dé e, ẹ jẹ́ kó gbóná lórí iná àárín fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ wá kó bíítírúùtù tí ẹ ti wé sí i, ẹ dé e padà, kẹ́ ẹ fi nǹkan wúwo lé ọmọrí. Ẹ ka wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15 fún èyí tó tó ìkúùkù ọmọdé, kẹ́ ẹ yí i padà lẹ́ẹ̀kan láàárín. Ìkòkò tí wọ́n kun inú rẹ̀ kí oúnjẹ má bàa lẹ̀ mọ́ ọn kò dára fún iṣẹ́ yìí, gbígbóná lásán láìsí omi máa ń ba ọ̀dà inú rẹ̀ jẹ́.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí, èédú ló ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá mọ iṣu sun ti mọ bíítírúùtù sun. Ẹ jẹ́ kí iná jó títí tí ọwọ́ iná á fi rọlẹ̀, tí ògúnná á ku pẹ̀lú eérú funfun lórí rẹ̀. Ẹ wé bíítírúùtù ní fọ́ìlì méjì, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògúnná, kì í ṣe sí àárín gbùngbùn, kẹ́ ẹ sì máa yí i ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wákàtí kan á tó o. Àwọn kan kì í wé e rárá. Wọ́n á jẹ́ kí awọ rẹ̀ jó dúdú bí ti iṣu, wọ́n á wá gé ibi tó jó dànù. A máa pàdánù díẹ̀ lára rẹ̀, ṣùgbọ́n òórùn èéfín tó máa ń bá a jáde kò sí nínú ófùn kankan.

Ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ ni ká fi dán an wò láti orí fọ́ìlì. Tó bá wọlé láìjà, bí ìgbà tí ọ̀bẹ bá wọ kókò tó jiná, ó ti tó. Tí ọ̀bẹ bá wọlé tán ṣùgbọ́n tí bíítírúùtù bá fẹ́ bá a jáde, ọkàn rẹ̀ ṣì le, ẹ dá a padà. Nígbà tó bá ti jiná, ẹ tú fọ́ìlì sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀ nínú ófùn tàbí lẹ́bàá ògúnná tó ń kú lọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fò kọjá. Oru tó wà nínú fọ́ìlì á jáde, ara bíítírúùtù á gbẹ díẹ̀, adùn rẹ̀ á sì ki sí i.

Ẹ jẹ́ kó tutù tó ohun tí ọwọ́ lè gbà, bí ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ wá gé ìdí àti ìrù rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi àkísà tó mọ́ tí ẹ ò nílò mọ́ ra á. Èèpo rẹ̀ á bọ́ fúnra rẹ̀. Èyí tí èèpo rẹ̀ kọ̀ tí kò bọ́, kò tíì jiná ni. Ẹ má ṣe dúró kó tutù pátápátá, èèpo á padà lẹ̀ mọ́ ọn. Ní ti ọwọ́ pípọ́n, ẹ wọ náílọ́ọ̀nù, tàbí kẹ́ ẹ fi òróró pa ọwọ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Pákó tí ẹ fi ń gé e á pọ́n, ẹ fi bébà tàbí náílọ́ọ̀nù tẹ́ ẹ. Èyí tó bá ti pọ́n, ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ ló ń bọ́ ọ.

Ẹ gé e ní ìdá mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, bí ẹni gé ọsàn. Nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí ìjẹun kan sí i pẹ̀lú iyọ̀ ìlàjì ṣíbí tíì, ẹ pò ó, kẹ́ ẹ sì dà á sínú asẹ́ tó wà lórí abọ́ fún ìṣẹ́jú 20. Iṣẹ́ mẹ́ta ni èyí ń ṣe. Iyọ̀ á fa omi tó ṣẹ́kù jáde sínú abọ́ ìsàlẹ̀. Ọsàn á dín òórùn ilẹ̀ rẹ̀ kù, ìyẹn òórùn erùpẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, tí àwọn kan fi ń sọ pé bíítírúùtù ń run iyẹ̀pẹ̀. Geosmin ni orúkọ ohun tó ń fà á, kíkan ló sì ń tú u ká. Ìkẹta, kíkan ló ń jẹ́ kí àwọ̀ pupa náà dúró. Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé òun á fi káún díẹ̀ mú un rọ̀ kíákíá bí ẹni se ewédú, á rí bí pupa yẹn ṣe ń ṣá lọ di àwọ̀ ilẹ̀. Káún kò ní iṣẹ́ níbí.

Ẹ má da omi pupa tó sẹ̀ sínú abọ́ ìsàlẹ̀ nù. A máa lò ó.

Ó wá kan wàrà. Wàrà Fúlàní, wàrà màálù ni, omi ewé bọmubọmu ni wọ́n fi ń mú un dì. Ó yàtọ̀ sí ti ewúrẹ́ ní nǹkan mẹ́ta: kò kan, kò ní iyọ̀, kò sì rọ̀ débi tí a lè fi ṣíbí pa á. Ẹni tó bá gé e ní igun mẹ́rin tó jù ú sórí sàláàdì bẹ́ẹ̀ á jẹ ohun tí kò ní adùn kankan tó ń dún kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́ lẹ́nu. Àtúnṣe rẹ̀ kò le, àkókò ló ń gbà.

Ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà. Òórùn mílíìkì ni kó máa run, omi tó wà nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ máa yọ̀ bí ilá. Tó bá korò díẹ̀ lẹ́nu nígbà tí ẹ tọ́ ọ wò, bọmubọmu ló sábà máa ń pọ̀ jù, oyin kankan kò lè gbà á sílẹ̀. Ẹ wá ti ẹlòmíràn. Nílé, ẹ se é nínú omi lítà kan pẹ̀lú iyọ̀ ṣíbí ìjẹun kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò ní yọ́, ìdí tí a fi lè dín in nínú òróró náà nìyẹn. Sísè yìí ń pa ohun tó bá ti wọ inú rẹ̀ láti ọjà, ó sì ń gbé iyọ̀ wọ inú rẹ̀. Ẹ wé e sínú aṣọ tí a fi ń sẹ́ ògì, ẹ gbé e sórí asẹ́, ẹ gbé ọlọ tàbí abọ́ omi lé e fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ ó ya ẹnu sí omi tó máa jáde.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ rún un sí wẹ́wẹ́, ẹ da omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí tíì méjì sí i, òróró ṣíbí ìjẹun kan, àti iyọ̀ díẹ̀ tó bá ṣì nílò rẹ̀. Ẹ gún ìdajì rẹ̀ nínú odó kékeré pẹ̀lú yógọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà ṣíbí ìjẹun méjì, tí ẹ ti sẹ́ omi rẹ̀ kúrò, títí á fi kúnná. Ẹ wá dà á pọ̀ mọ́ ìdajì tó kù. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan. Ohun tí ẹ máa rí rọ̀, ó kan, ó sì ní hóró díẹ̀díẹ̀ nínú. Kì í ṣe chèvre, ṣùgbọ́n ó ń ṣe iṣẹ́ chèvre nínú abọ́ yìí dáadáa.

Tó bá jẹ́ pé wàrà ewúrẹ́ gan-an lẹ fẹ́, mílíìkì rẹ̀ ni ìṣòro. Ewúrẹ́ kúkúrú tí a ń sìn káàkiri ilé wa kì í ní mílíìkì púpọ̀ lẹ́yìn èyí tí ọmọ rẹ̀ ń mu. Àwọn ewúrẹ́ pupa láti Sókótó ló sàn jù, lọ́dọ̀ àwọn Fúlàní tó bá ń sìn wọ́n. Ẹ béèrè ṣáájú, torí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbé wá sọ́jà. Lítà méjì ló máa fún yín ní wàrà bíi 250 sí 350 gíráàmù.

Ẹ gbé mílíìkì sórí iná kékeré, ẹ máa fi ọmọrogùn ro ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó má jó, títí á fi dé 85°C. Ẹni tí kò ní tẹmọ́mítà, kó wo etí ìkòkò: nígbà tí ìfóófòó kéékèèké bá yí etí náà ká tí oru ń jáde ṣùgbọ́n tí kò tíì hó, ó ti dé. Mílíìkì tútù tí a kò gbé kaná lè kó àìsàn bíi ikọ́ ẹ̀gbẹ àti brucellosis ran èèyàn, torí náà kò sí ọ̀nà àbùjá níbẹ̀. Ẹ pa iná, ẹ da omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí ẹ ti sẹ́ ní ṣíbí ìjẹun mẹ́rin sí i, díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ rọra rò ó lẹ́ẹ̀mẹta péré. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí omi tó wà láàárín wàrà náà bá ṣì funfun bíi mílíìkì, ẹ fi ṣíbí kan kún un. Tó bá ti mọ́ lójú, tó ní àwọ̀ ìyeyè díẹ̀, ó ti tó.

Wàrà ewúrẹ́ máa ń dì ní wẹ́wẹ́, kì í ṣù bíi ti màálù. Ẹni tó bá ń rò ó kíkankíkan á fọ́ ọ débi tí gbogbo rẹ̀ á gba ojú aṣọ lọ. Ẹ fi ìgbakọ bù ú sínú aṣọ ògì, ẹ má yí ìkòkò dà lé e. Ẹ so ó kọ́ fún wákàtí kan fún èyí tó rọ̀, méjì fún èyí tó ṣeé rún. Iyọ̀ ṣíbí tíì kan, ó parí. Àwọn Faransé kì í lo ọsàn. Ìwúkàrà mílíìkì àti ohun ìmúdì díẹ̀ ni wọ́n ń lò, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún bíi wákàtí 12 sí 24 nínú yàrá tó tutù. Nínú ooru tiwa, mílíìkì tó bá sun níta bẹ́ẹ̀ á kan kọjá ààlà, ohun mìíràn á sì bá a hù níbẹ̀. Ọsàn ló bá ilé wa mu.

Kajú kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ ra èyí tí wọ́n ti pa, ẹ yan án nínú agbada gbígbẹ lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú mẹ́fà sí mẹ́jọ, ẹ máa yí i títí á fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ẹ má tìtorí pé kajú pọ̀ l'Ógbòmọ̀ṣọ́ kẹ́ ẹ kó oníèèpo wá yan nínú ilé ìdáná: òróró inú èèpo rẹ̀ ń jó ara bí omi bátìrì, èéfín rẹ̀ náà kò dára fún ojú.

Ewé ńkọ́? Létúùsì ni ìpìlẹ̀, ìkúnwọ́ mẹ́ta, kẹ́ ẹ fi ẹ̀fọ́ yánrin tó ṣì kéré kún un ní ìkúnwọ́ kan fún kíkorò. Yánrin tó bá ti gbó á gba gbogbo abọ́ mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́. Ẹ rẹ ewé sínú omi tó mọ́ pẹ̀lú fínígà díẹ̀, ẹ ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì, torí omi odò tó dọ̀tí ni wọ́n fi ń bomi rin ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ẹ gbọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ wá wé e sínú tọ́wẹ̀lì gbígbẹ. Ewé tó bá tutù kì í gba òróró, òróró á kàn yọ̀ kúrò lára rẹ̀ sí ìsàlẹ̀.

Fún ọbẹ̀ rẹ̀, ẹ gé àlùbọ́sà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí ìjẹun kan pẹ̀lú iyọ̀ bíńtín fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, títa rẹ̀ á rọlẹ̀. Ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀. Sínú omi ọsàn yẹn ni kẹ́ ẹ da omi pupa bíítírúùtù ṣíbí ìjẹun kan, oyin, iyèré tí ìka méjì lè mú, àti òróró ṣíbí ìjẹun méjì, kẹ́ ẹ sì lù ú títí á fi ki. Iyèré lágbára ju ata dúdú òyìnbó lọ, ẹ má lawọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ ìlànà ló máa ní kí òróró jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ohun kíkan. Bíítírúùtù ti dùn jù fún ìyẹn, ìlọ́po méjì tàbí kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ló bá a mu.

Kíkó o jọ, ẹ fi ìdajì ọbẹ̀ po ewé nìkan, ẹ tẹ́ ẹ sínú àwo pẹrẹsẹ. Ẹ po bíítírúùtù mọ́ ìdajì tó kù nínú abọ́ ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ sì tò ó sórí ewé lọ́kọ̀ọ̀kan. Àlùbọ́sà tẹ̀ lé e, kajú tẹ̀ lé àlùbọ́sà. Wàrà ló ń kẹ́yìn, ẹ fi ìka já a sí i níbi níbi, kẹ́ ẹ má sì fi ṣíbí kan àwo náà mọ́. Ẹni tó bá ro ó pọ̀ bí ẹni ro ẹ̀kọ, àwọ̀ kan ṣoṣo ló máa jẹ. Láàárín ìṣẹ́jú 15 ni kó ti dé iwájú àwọn tó fẹ́ jẹ ẹ́. Ó bá búrẹ́dì mu, ó sì bá iṣu sísun mu ju bí èèyàn ṣe lè rò lọ. Ẹ má kàn gbé e síwájú ẹni tó ń retí àmàlà.

Bíítírúùtù tí a ti sun tán tí a kò tíì pò lè wà nínú fíríìjì fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Níbi tí iná kì í ti dúró, ẹ sun èyí tí ẹ máa jẹ lọ́jọ́ náà. Wàrà tó ṣẹ́kù, kẹ́ ẹ tó rún un, lè wà nínú omi iyọ̀ di ọjọ́ kejì tí ẹ bá ń sè é láàárọ̀ lálẹ́. Èyí tí ẹ ti po yógọ́ọ̀tì mọ́, ẹ jẹ ẹ́ tán.

Bí ewé bíítírúùtù bá bá a wá láti ọjà tí kò tíì rọ, ẹ má dà á nù. Ìdílé kan náà ni òun àti tẹ̀tẹ̀. Ẹ bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ fún omi rẹ̀ dànù, ẹ sì rò ó bí ẹ̀fọ́. Omi ọbẹ̀ á pọ́n, kò ṣe nǹkan.

Kẹ́ ẹ sì sọ fún àlejò yín kí wọ́n tó lọ sílé pé ìtọ̀ àwọn kan máa ń pupa láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìgbẹ́ náà lè rí bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ bíítírúùtù ló kọjá, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, kì í sì í ju ọjọ́ kan sí méjì lọ. Ẹni tí dókítà ti sọ fún pé ó ní òkúta nínú kíndìnrín ni kó fi mọ ní bíńtín, torí oxalate, ohun tó lè di òkúta nínú kíndìnrín, pọ̀ nínú rẹ̀, nínú ewé rẹ̀ pàápàá.